Ẹ̀yìn Ojú-Ìwé

“Báwo ni èèyàn ṣe ń pọn ìbejì rẹ̀?” Ẹ̀gbọ́n bi akọ̀wé. “Ẹ̀yìn mi ni mo fi pọn àbúrò mi yìí, kì í sì í yé tọ̀ sí mi lára.”

Àbúrò, tó jókòó tì í, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n mi. Ìwé ti sọ wá di ẹgbẹ́. Ẹ ò ní rán mi níṣẹ́ mọ́.”

“Pa ẹnu ẹ dé.” Ẹ̀gbọ́n kọjú sí akọ̀wé. “Ọmọ mi, tún un wò dáadáa.”

Akọ̀wé tún un wò. Oṣù mẹ́sàn-án ló ti fi ń ya àwòrán ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìbí àwọn abúlé àgbègbè náà sínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n lè to ìtàn ìdílé kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà tó fi jẹ́rìí pé iṣẹ́ ti parí wà lórí tábìlì rẹ̀, ó ti fọwọ́ sí i. Bí ọ̀gá bá ti gbà á, wọn yóò kó àwọn ìwé àtijọ́ náà lọ sun lọ́la.

Nínú kọ̀ǹpútà, ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì. Bàbá akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Akọ̀wé pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù.

“Odò ló máa ń kún,” ni bàbá rẹ̀ wí. “Ẹlòmíràn lè má rí ọ̀nà wá fún ọdún mẹ́fà, méje. Ọjọ́ tó bá dé ọ̀dọ̀ mi ni mo máa ń kọ síwájú bí ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ rẹ̀, torí òfin ní àyè kankan kò gbọdọ̀ ṣófo. Ohun tó bá sọ, mo kọ ọ́ sẹ́yìn.”

“Ẹ̀yìn ibo, Bàbá?”

“Ẹ̀yìn ojú-ìwé. Pẹ́ńsùlù ni mo fi kọ ọ́. Àbí o kò ṣí i ni?”

Akọ̀wé ti rí pẹ́ńsùlù náà láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó rò pé ẹnì kan kàn ń fi ìwé ṣeré ni, iwájú nìkan ló sì yà.

Ó tú okùn ara àwọn ìwé tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó wá ojú-ìwé náà, ó sì kà á sókè:

“‘Àkọ́bí, ọdún tí iná jó oko. Ti àárín, ọkùnrin, ó kú kó tó ní orúkọ. Ti ìkẹyìn, oṣù tí a parí afárá.’”

Ẹ̀rín Àbúrò dúró. “Ti àárín wo?”

Ẹ̀gbọ́n ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Ìyá wa ní kí n má sọ. Mi ò mọ̀ pé Bàbá wa sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.”

“Gbogbo ọjọ́ ayé mi, Ẹ̀gbọ́n?”

“Gbogbo rẹ̀.”

Akọ̀wé fa lẹ́tà náà mọ́ra. Ó fa ìlà gba orí ìfọwọ́sí rẹ̀, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: Iṣẹ́ kò tíì parí. Ó ku ẹ̀yìn gbogbo ìwé.

“Ẹ kọ òun náà,” ni Àbúrò wí. “Ẹ fi í sáàárín wa.”

“Kò ní orúkọ, Màmá.”

“Ẹ ṣáà kọ ọ́.”

Nínú kọ̀ǹpútà, akọ̀wé kọ ‘Ọmọ kejì, ọkùnrin’ sáàárín àwọn méjèèjì. Ó fi àyè orúkọ sílẹ̀ ní òfo.