Ogójì Bọ́tìnnì àti Ọwọ́ Alùpùpù

Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó gbé e mì ná, kí n má baà pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín pẹ̀lú òkèlè lọ́fun. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ Ìyá Abẹ́rẹ́ ni.

Ọwọ́ tó ti rán aṣọ fún ìdajì àdúgbò ni o. Ṣùgbọ́n tó bá di àárọ̀ kùtù báyìí, á gan bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí látọdún mọ́dún. Ìyá Abẹ́rẹ́ fẹ́ dì í, ọwọ́ á ní òun ò dì. Ó fẹ́ tẹ́ ẹ, ọwọ́ á ní kó lọ jókòó ná, òun ò tíì jí. Oríkèé ìka ti wú kókó-kókó bí okùn tí ọmọdé ta, ìdí àtàǹpàkò ọ̀tún sì ni olórí ọ̀daràn wọn. Tó bá fẹ́ yí ọmọrí ìgò lásán, ìrora á gbéra níbẹ̀, á gba ọrùn ọwọ́ kọjá, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìgúnpá.

Síbẹ̀, "ọwọ́ ń dùn mí" ò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí. Télọ̀ wo ló máa sọ bẹ́ẹ̀? Bí ìgbà tí awakọ̀ bá kó èrò tán tó wá ní kí wọ́n bá òun máa wo títì ni. Ọgbọ́n ló ń dá. Tó bá fẹ́ ṣí ìgò, á pe èèyàn: "Wá, ìwọ tó o ní o lágbára, jẹ́ n rí i." Ẹni yẹn á ṣí i, á máa fẹ àyà kiri ilé bí àkùkọ. Ìyá Abẹ́rẹ́ á bu ohun tó fẹ́ bù, á máa bá tiẹ̀ lọ.

Ọgbọ́n yẹn ń ṣiṣẹ́ títí Àbíkẹ́yìn, ọmọ rẹ̀ tó kéré jù, fi sọ pé òun fẹ́ ṣègbéyàwó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le rèé. Nínú ilé yìí, gáùn ìyàwó kì í ní síìpù. Ogójì bọ́tìnnì ló máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀ láti ìdí dé ọrùn, bọ́tìnnì tí wọ́n faṣọ bò, tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, ojóbó òwú tínńtín sì ń dúró de ìkọ̀ọ̀kan. Láàárọ̀ ìgbéyàwó, ìyá tó rán an náà ló máa dúró sẹ́yìn ìyàwó, tó máa dè é. Bó bá ti ń de bọ́tìnnì kan, á dárúkọ ìwà pálapàla kan tí ọmọ náà hù ní kékeré. Bọ́tìnnì kan, pálapàla kan. Bó ṣe ṣe é fún àwọn ọmọ rẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nìyẹn, ẹ̀rín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n kí wọ́n tó délé ọkọ.

Àbíkẹ́yìn rí ìyẹn nígbà tó wà ní kékeré. Látọjọ́ náà ló ti ń fi pálapàla pamọ́. Bí wọ́n bá nà án pé kí ló dé tó o tún da omi sí bàtà bàbá rẹ, á ní, "Màámi, mi ò fẹ́ kí bọ́tìnnì kankan ṣófo lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi." Ẹ wo ọmọ! Àwọn kan ń tọ́jú owó, òun ń tọ́jú ẹ̀ṣẹ̀.

Ìyá Abẹ́rẹ́ ò sì fẹ́ kú láìde ogójì yẹn pé.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin ti dé fún ìgbéyàwó. Àǹtí Awò là ń pè é, torí awò mẹ́ta ló ń wọ̀ pọ̀: ọ̀kan lójú fún ìtòsí, ọ̀kan lórí fún ọ̀nà jíjìn, ọ̀kan lọ́rùn fún ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Ó wo gáùn náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀.

"Ìyàwó wa, ṣé ọmọ la fẹ́ mú jáde ni àbí ẹ̀wọ̀n la fẹ́ jù ú sí? Síìpù ńkọ́?"

"Àǹtí mi, báàgì ló ni síìpù."

"Jẹ́ n wo ọwọ́ rẹ."

"Ọwọ́ mi dáa." Ó ti kì í bọ abẹ́ aṣọ kíá.

"Ó dáa ni o ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni jí ẹran?" Àǹtí Awò fa síìpù funfun gbọọrọ kan yọ nínú àpò rẹ̀, ó ń mì í bí ejò. "Mo ti rà á. Bó bá kọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, wàràwàrà báyìí ni màá rán an sí i."

Síìpù! Síìpù ẹyọ kan, pálapàla ẹyọ kan péré nìyẹn. Kí ni Àbíkẹ́yìn máa wá fi mọ́kàndínlógójì tó kù ṣe?

Ọkọ Ìyá Abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Bàbá Alùpùpù ni wọ́n ń pè é, mẹkáníìkì tó ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ tí ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lẹ́yìnkùlé ṣì kún fún irin. Ó bá ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń fi eyín ṣí ọṣẹ ìfọyín.

"Ìyá ọmọ mi, ìwọ àti ta lẹ jọ ń jà?"

"Ẹ jẹ́ n gbádùn ara mi."

"Báyìí lèèyàn ṣe ń gbádùn ara rẹ̀?"

Kò bá a jiyàn. Ó gbé e sẹ́yìn alùpùpù, ó di ọsibítù. Nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀, tó jẹ́ pé ọwọ́ nìkan ló ń tọ́jú, tẹ oríkèé kọ̀ọ̀kan wò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní ohun kan wà láàárín eegun sí eegun, ó rọ̀, ó ń yọ̀, kì í jẹ́ kí wọ́n ha ara wọn. Ó ní ohun náà ló ti ń jẹ, pé ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ.

Bàbá Alùpùpù fò dìde. "Bíárìn! Bíárìn ló jẹ!"

"Bàbá, ọwọ́ ni, kì í ṣe alùpùpù."

"Nọ́ọ̀sì, ìkan náà ni! Ibo la ti ń rí tuntun rà?"

"Wọn ò tà á o. Ẹ jókòó." Nọ́ọ̀sì wá kọjú sí ìyá. Ó ní kó máa ki ọwọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ láàárọ̀, kó máa na àwọn ìka, kó máa ká wọn, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó fún un ní ìpara tó máa fi pa á àti ìdè tó máa wọ̀ sí àtàǹpàkò bó bá fẹ́ ṣiṣẹ́. "Ẹ má pa iṣẹ́ tì, Mà, ọwọ́ tí ò bá ṣe nǹkan kan á tún gan sí i ni. Àmọ́ ẹ sinmi kó tó pariwo, kì í ṣe ìgbà tó bá pariwo tán. Ohun tínńtín tẹ́ ẹ̀ ń fi ìka méjì fún, òun ló ń dá yín lóró. Ohun tó bá ki, tẹ́ ẹ lè fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ dì mú, kò ní yọ yín lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀."

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, "ki" nìkan ni Bàbá Alùpùpù gbọ́.

Ha! Ilé di ilé ìyanu. Ó gé tíúbù, ó ya fóòmù, ó tú rọ́bà ọwọ́ alùpùpù àtijọ́, ohun gbogbo tó bá ní ìdìmú ló ń wé. Ṣíbí ki. Ọ̀bẹ ki. Kọ́kọ́rọ́ ilé ki débi pé kò wọ àpò mọ́, èjìká ni wọ́n ń gbé e kọ́. Ológbò ilé rí i pé Bàbá ń wo ìrù òun lọ́nà tí ò yé òun, ó fò gun orí kọ́bọ́ọ̀dù, kò sọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, igbe Àǹtí Awò gba ilé ìwẹ̀ kan. "Ta ló fi rọ́bà wé búrọ́ọ̀ṣì mi? Ṣé eyín ni mo fẹ́ fọ̀ ni àbí mo fẹ́ gun eyín lọ sílé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ẹ mú un wá kí n tú u."

"Fi sílẹ̀! O ti bà á jẹ́ ná." Bó ṣe ń lo búrọ́ọ̀ṣì onírọ́bà náà lọ nìyẹn, tó ń kùn, tó ń lò ó.

Ìyá Abẹ́rẹ́ ò kùn ní tiẹ̀. Ó gbá ṣíbí mú, ṣíbí ò bọ́. Ó fi ìdè sí àtàǹpàkò, ó fi sísọ́ọ̀sì onírọ́bà gé aṣọ, ó bú sẹ́rìn-ín. Àmọ́ báwo lèèyàn ṣe ń fi rọ́bà wé bọ́tìnnì? Tó bá wé e tán, bọ́ọ̀lù ni.

Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀la, lọ́sàn-án, ó gbé gáùn wọ ère aláìlórí tó fi ń wọn aṣọ, ó ti ilẹ̀kùn. Bọ́tìnnì kìíní wọlé. Ìkejì mú òógùn jáde. Ìkẹta, àtàǹpàkò rẹ̀ ta bí ìgbà tí iná bá jó èèyàn, bọ́tìnnì yọ̀ bọ́rọ́. Ó tún gbìyànjú. Bọ́rọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ìwọ tí o ò ní orí," ó sọ fún ère náà, "o ò lè mọ bó ṣe ń ṣe mí." Omi lé sí i lójú.

Kò mọ̀ pé orí kan ti yọ lójú fèrèsé bí alángbá. Bàbá Alùpùpù rí gbogbo rẹ̀. Ó sáré di ṣẹ́ẹ̀dì. Kò pẹ́, kọ̀ kọ̀ kọ̀! Ṣúrú ṣúrú ṣúrú! Ó gé sípóòkù kan, irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú táyà, ó fi puláyà tẹ ẹnu rẹ̀ ní ìkọ́, ó fi fáìlì ha á títí tó fi ń dán tí kò lè fa òwú ya, ó wá ki ìdí rẹ̀ bọ rọ́bà ọwọ́ alùpùpù ńlá kan. Ó gbé e wọlé bí ẹni gbé adé.

"Má fi ìka fún un o. Àtẹ́lẹwọ́ ni kó o fi dì í."

Ìyá Abẹ́rẹ́ ki ìkọ́ náà gba inú ojóbó, ó fi kọ́ ọrùn bọ́tìnnì, ó fà á. Tọ́! Ó wọlé. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ó kì í bọ òmíì. Tọ́! Tọ́! Tọ́! Ó figbe ta, ó dì mọ́ ọkọ rẹ̀, wọ́n ń jó yí ère aláìlórí ká, ère náà pàápàá ṣubú lù wọ́n bí ẹni fẹ́ bá wọn jó.

Ilẹ̀ mọ́. Ìyá Abẹ́rẹ́ ki ọwọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ó na ìka, ó ká ìka, ó pa ìpara, ó wọ ìdè. Yàrá ti kún fọ́fọ́. Ọkọ̀ ń fọn fèrè níta. Àǹtí Awò ti dúró wámúwámú pẹ̀lú síìpù lọ́wọ́ àti ìborùn tuntun tí wajawaja rẹ̀ gùn bí irùngbọ̀n ewúrẹ́.

"Kí lo gbé lọ́wọ́ yẹn, ìyàwó wa? Ṣé o fẹ́ fi kọ́ ọmọ wa sórí iná bí ẹran ni?"

"Ẹ máa wò ó, Àǹtí mi." Ó gbọ́wọ́ lé ìdí gáùn. "Ìgbà tó o fi lẹ́ẹ̀ sórí àga olùkọ́ rẹ!" Tọ́!

"Vùùùù!" Bàbá Alùpùpù ń pariwo bí ẹ́ńjìnì lẹ́nu ọ̀nà. "Jíà kejì!"

"Ìgbà tó o de ìrù ológbò mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ mi!" Tọ́! "Ìgbà tó o jí bàtà bàbá rẹ, tó o tún tà á fún wọn!" Tọ́!

"Kí ló wí?" Bàbá gbàgbé ẹ́ńjìnì.

Ẹ̀rín ń gbọn Àbíkẹ́yìn jìgìjìgì. Nígbà tó dé ogún, Ìyá Abẹ́rẹ́ gbé ìkọ́ sílẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ sórí itan, ó sinmi. Àǹtí Awò na síìpù síwájú: "Ó ti rẹ̀ ẹ́?"

"Ó ń tutù ni," Bàbá dáhùn. "A kì í fi wàràwàrà wa ẹ́ńjìnì tó bá ti gbóná."

Ìyá Abẹ́rẹ́ tún gbé ìkọ́. "Ìgbà tó o fi bọ́tà kun awò Àǹtí, tí wọ́n ní kùrukùru ti bo gbogbo ìlú, tí wọ́n ní ká wọ súwẹ́tà lọ́sàn-án gangan!" Tọ́!

"Ìwọ ni?!" Àǹtí Awò bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn gáùn kó lè gbọ́ èyí tó kù dáadáa. Kò sì nà dìde mọ́, ó ń dúró de orúkọ rẹ̀. Tọ́, tọ́, tọ́, Ìyá Abẹ́rẹ́ ń já lọ bí ìjì, ìrora wà níbẹ̀ o, àmọ́ ó jókòó lẹ́yìn, kì í ṣe òun ló ń wa ọkọ̀. Ó kan ọrùn. Ogójì pé!

Ariwo sọ. Àbíkẹ́yìn dì mọ́ ìyá rẹ̀, ó gbá bàbá rẹ̀ mú, ó ní ó yá, ó di ẹnu ọ̀nà.

"Yéè! Ta ló ń fà mí?"

Àǹtí Awò ló ń sáré tẹ̀lé e ní bíbẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wajawaja ìborùn rẹ̀ ti bá bọ́tìnnì wọ ojóbó, láti àárín gáùn lọ sókè. Síìpù já bọ́.

"Ìyàwó wa! Tú mi sílẹ̀!"

Gbogbo ojú yí sí Ìyá Abẹ́rẹ́. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo Àǹtí, ẹ̀rín músẹ́ bọ́ sí i lẹ́nu, ó wá sọ ohun tí kò sọ rí láyé rẹ̀, sókè ketekete, níwájú gbogbo ẹbí:

"Àǹtí mi, ọwọ́ ń dùn mí."

Ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín.

Ọkọ̀ tún fọn fèrè, kò sí àyè. Wọ́n kó ìyàwó àti ìrù rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, Ìyá Abẹ́rẹ́ wọlé tì wọ́n tòun ti ìkọ́ rẹ̀. Àǹtí Awò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka já ara rẹ̀ gbà. Ó tú u, kò tú. Ó fún un, ó ṣe "yéè," ó yára ki àtàǹpàkò bọ abẹ́ ìborùn.

Ìyá Abẹ́rẹ́ mọ ìkìbọ̀ yẹn. Òun gan-an ló dá a sílẹ̀! Ó rántí búrọ́ọ̀ṣì onírọ́bà tí Àǹtí ò jẹ́ kí wọ́n tú. Ó rántí síìpù.

"Àǹtí mi," ó rọra sọ, "látìgbà wo?"

Àǹtí Awò wo òde gba ojú fèrèsé pẹ̀lú awò ọ̀nà jíjìn. "Ó ti pẹ́. Má sọ fún ẹnì kan."

Ìyá Abẹ́rẹ́ sún mọ́ ọn. Ó gbé ìkọ́ ọlọ́wọ́ alùpùpù náà lé e lọ́wọ́. "Ẹ má fi ìka fún un. Àtẹ́lẹwọ́ ni."

Àǹtí Awò gbá a mú. Ó ki ìkọ́ bọ̀ ọ́, ó tì í. Bọ́! Wajawaja kan jáde. Ó tún tì í. Bọ́! Bó bá ti tú ọ̀kan, Ìyá Abẹ́rẹ́ á gba ìkọ́, á dá bọ́tìnnì padà sí ojóbó. Ojú Àǹtí là, ó jókòó dáadáa, ó tún awò orí rẹ̀ ṣe.

"Vùùù," ó ní wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹ gbọ́hùn sókè, Àǹtí," Àbíkẹ́yìn dáhùn láì bojú wẹ̀yìn. "Jíà kejì!"