Ìgbájú Nítorí Sáìnì

Àṣà burúkú kan ni Tísà Adéjùmọ̀ mú wọ ilé lẹ́sìnnì rẹ̀ ní Ìsọlọ̀: ẹni tó bá gba ìṣirò ni yóò fọ́ ẹni tó ṣì í létí. Òun fúnra rẹ̀ kì í na ẹnikẹ́ni, èèyàn dáadáa lòun! Ẹni tó bá kọ̀ tí kò gbá ẹnì kejì rẹ̀, àwọn méjèèjì yóò kó ìwé wọn jáde, bẹ́ẹ̀ ìdánwò ìwọlé yunifásítì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó kọ ìbéèrè sójú pátákó. "Nọ́ńbà wo ni sáìnì rẹ̀ jẹ́ méjì? Mo fẹ́ apá gidi, mo fẹ́ apá àfinúrò."

"Kò sí, sà," Bàṣírátù dáhùn. "Sáìnì kì í kọjá oókan." Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní sẹ́kọ́ńdìrì nìyẹn, kó tó fi ilé-ìwé sílẹ̀ nígbà tí ìyá wọn kú, tó lọ ń ta bàtà ní Òṣòdì kí Ameenat àbúrò rẹ̀ lè rí jẹ. Ní báyìí, àwọn méjèèjì jọ ń gba lẹ́sìnnì náà.

Ameenat gan-an ni Tísà wá pè. Àyà rẹ̀ já, nítorí ó mọ ìdáhùn náà. Ó pe nọ́ńbà náà ní x + iy, ó fi hàn pé cos x gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo, kí cosh y sì jẹ́ méjì. Ó kọ π/2 fún apá gidi, ó kọ ln(2 + √3) fún apá àfinúrò.

"Ìyá Ashraf, ẹ dìde," Tísà sọ fún Bàṣírátù, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àbúrò yín fẹ́ kí yín."

Ameenat kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú."

"Dìde jàre, kó o gbá mi," Bàṣírátù sọ wẹ́lẹ́. "Mi ò ní jáde níbí lásán."

Ameenat rọra fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Tísà pòṣé. "Ṣé ẹ̀fọn lò ń pa ni? Gbá wọn dáadáa!"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Bó ṣe gbọ́wọ́ sókè, gbogbo bẹ́líìtì tí Bàṣírátù ti fi là á lẹ́yìn rí, àti bó ṣe gbá orí rẹ̀ mọ́ ògiri nítorí ìrẹsì tó jóná, gbogbo ẹ̀ ló ru sókè. Ìgbájú náà dún pàà. Ẹ̀jẹ̀ yọ nímú Bàṣírátù, ó ń kán sára híjáàbù rẹ̀.

"Ó ti tó," Tísà alára sọ. Ẹ̀rù ti bà á.

Ameenat ò gbọ́. Ó tún gbá a, ó tún gbá a, títí Bàṣírátù fi ṣubú lu bẹ́ńṣì, táwọn ọkùnrin kíláàsì fi rọ́ dì í mú, tó ṣì ń tapá. Ó dùn mọ́ ọn. Ìyẹn ló burú jù, pé ó dùn mọ́ ọn.

Bàṣírátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wò ó. Kò bínú.

"Mi ò mọ̀ pé ìbínú pọ̀ tó báyìí nínú ẹ," ló sọ.

Ìgbà yẹn ni Ameenat bú sẹ́kún.