Ìwé Ẹ̀rí Tí Mò Ń Fọwọ́ Ara Mi Kọ

…pé òṣìṣẹ́ tó ṣe é fọkàn tán ni. Rárá. Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn? Dókítà Ostby kì í sọ pé ẹnikẹ́ni ṣe é fọkàn tán. Bí inú rẹ̀ bá dùn sí èèyàn dé góńgó, á fa imú, á ní kò burú, onítọ̀hún á sì máa lá ìyẹn bí oyin fún ọdún kan gbáko. Pa á rẹ́. Aago kan ti kọjá. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ òní ni àwọn iléèwé dókítà ẹranko máa ti ilẹ̀kùn wọn, bí ìwé ẹ̀rí láti ọwọ́ dókítà ẹranko kan kò bá sì tíì wọlé kó tó dìgbà náà, ó di àmọ́dún. Àmọ́dún… kí n padà sílé lọ bá màmá mi, kí àwọn ìyá ìjọ máa bi í nídìí kọfí ọjọ́ Àìkú pé kí ni Maren ń ṣe báyìí, kó sì máa dá wọn lóhùn pé ó ti ka fìlọ́sọ́fì jáde, ó ń ronú.

Kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Èmi Maren Tveit jókòó sí ilé ìkàwé ní ọ̀sán gangan, mò ń fi ẹnu Dókítà Ostby yin Maren Tveit.

Òun ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò jí i. Lọ́jọ́ Ajé, mo bá a nílé ìwòsàn ẹranko rẹ̀, mo rán an létí ìwé náà fún ìgbà kẹta. Kò wojú mi. Bàtà òjò rẹ̀ ló ń fọ̀.

"Ìwọ onífìlọ́sọ́fì lo mọ̀rọ̀ kọ," ó ní. "Kọ ọ́. Ohunkóhun tó o bá kọ síbẹ̀, màá fọwọ́ sí i."

Ó kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé tó fi ń wọ ìkànnì àwọn iléèwé náà sẹ́yìn páálí ìbọ̀wọ́, ó nà án sí mi. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé oríire ni. Corinne tá a jọ ń gbé yàrá ní kò sóhun tó burú níbẹ̀, pé bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn. Iléèwé amòfin ló fẹ́ lọ ní tiẹ̀, olùkọ́ ìtàn rẹ̀ sì gbé irú iṣẹ́ yìí kan náà lé e lọ́wọ́. Corinne fi ẹnu olùkọ́ náà kọ ọ́ pé látọgbọ̀n ọdún tí òun ti ń kọ́ni, òun kò tíì rí irú ọmọbìnrin yìí rí. Olùkọ́ náà fọwọ́ sí i láì kà á, ọkùnrin tó jẹ́ pé ọdún kẹfà rèé tó dé iléèwé yìí. Corinne kò tíì di amòfin, ó ti ń ṣe iṣẹ́ wọn.

Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyẹn. Ẹnu tí mo fi ń bú gbogbo èèyàn mú ju abẹ lọ, ṣùgbọ́n kí n fi yin ara mi fún ojú ìwé kan péré…

Ẹ wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Pruitt lọ́hùn-ún, ó ń gbé páálí kọfí kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bí ẹni tó ru ìlú lórí. Òun ni wọ́n yàn kó máa tọ́ gbogbo àwa tá a ti fi ewì àti ìtàn àtijọ́ jó ọdún mẹ́rin níná sọ́nà iṣẹ́ gidi. Àwọn iléèwé iṣẹ́ ń wá ẹni tó lè ronú, ó sọ ọ́ fún mi, ó sọ ọ́ fún ọmọ tó ń kọ́ ijó tó fẹ́ ṣe dókítà eyín. Mo gbà á gbọ́. Mo fi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn méjì ka kẹ́mísírì láàárín àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, bí ẹni tó ya ilé ìgbéyàwó tí kò mọ ìyàwó, tí kò mọ ọkọ. Físíìsì, orúnkún ni mo fi rá a kọjá. Ẹgbẹ̀ta wákàtí ni mo ti lò lẹ́yìn màlúù àwọn àgbẹ̀ àgbègbè yìí, ìgbẹ́ wọn wà nínú ìwé Gíríìkì mi títí dòní. Ojú ìwé kan ló kù. Ojú ìwé kan báyìí!

Ó dáa. Fi ti ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ná, kọ́kọ́ fi àmì sí fọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti oókan dé aárùn-ún. Ìfaradà: aárùn-ún. Bó ṣe ń gba ìbáwí: ẹẹ́rin, kó lè jọ òótọ́. Ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀: aárùn-ún, wọ́n fẹ́ràn mi, mo máa ń jẹ oúnjẹ wọn. Òótọ́ inú…

Màá padà síbẹ̀.

Ìsọ̀rọ̀: ẹẹ́rin. Ìmọ́tótó: aárùn-ún. Lẹ́yìn náà àpótí ńlá tó wà nísàlẹ̀: Ṣàlàyé ìgbà kan tí o fi ohun tó ṣòro sí ìkáwọ́ ẹni yìí. Ewúrẹ́ tó ki orí bọ àárín àga ńkọ́? Ìyẹn ò ṣòro, àga la fi ayùn gé. Ológbò tó bu ìyàwó olùṣọ́ àgùntàn jẹ? Ìyàwó olùṣọ́ àgùntàn ló lẹ́bi. Àbí ti ilé Kranz…

Rárá o. Kì í ṣe ti ilé Kranz.

Òótọ́ inú. Kí ló dé tí ìka mi ń fo ibẹ̀ bí ẹsẹ̀ tó ń fo ẹrẹ̀? Tẹ ẹ́. Aárùn-ún, kó parí. Ta ló ń ka nǹkan yìí? Àwọn èèyàn tó ní ẹgbẹ̀rún ìwé níwájú, aárùn-ún ni gbogbo rẹ̀. Bí mo bá fi ẹẹ́rin síbẹ̀, wọ́n á rò pé olè ni mí.

Oṣù kẹta ni, ní ilé Virgil Kranz. Yìnyín Kérésì ṣì wà nílẹ̀, ó ti dúdú. Ọ̀dọ́ abo màlúù ni, oyún àkọ́kọ́, ó ti ń rọbí láti òwúrọ̀, Kranz ti fi ìgbéraga dúró kó tó pè wá, bí gbogbo àgbẹ̀ ibí ṣe ń ṣe. Dókítà bọ́ aṣọ òtútù, ó ti apá bọ ibẹ̀ dé èjìká, ó dijú bí ẹni tó ń gbọ́ rédíò. Ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n wọ ìbọ̀wọ́, kí n fi ọwọ́ tèmi rọ́pò tòun, kí n di imú ọmọ náà mú kí orí rẹ̀ má baà yí sẹ́yìn. "Má yọ ọwọ́," ó ní, "bó ti wù kó dùn ẹ́ tó." Ó sáré lọ sídìí ọkọ̀ lọ mú irin tá a fi ń fa ọmọ. Yìnyín ti lẹ ilẹ̀kùn ọkọ̀ pa. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń fi ìkúùkù lásán gbá a.

Inú ibẹ̀ gbóná. Imú kékeré kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Ìka mi yọ̀ wọ ẹnu rẹ̀ — ahọ́n tó rí págunpàgun wé mọ́ ọn, ó sì mu ún. Kò lágbára, ṣùgbọ́n ó mu ún. Ó mu ún lẹ́ẹ̀kan, ó tún mu ún.

Lẹ́yìn náà ni ikùn ìyá rẹ̀ fún pọ̀. Bí ìgbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn lápá tí wọ́n tún wá jókòó sórí ilẹ̀kùn. Mo… mo yọ ọwọ́. Díẹ̀ ni, kí n lè sinmi, kí n ka ọgbọ̀n. Mi ò ka ọgbọ̀n. Mi ò mọ iye tí mo kà. Nígbà tí mo dá a padà, ọrùn ni mo bá níbi tó yẹ kí imú wà. Mo wá ẹnu náà kiri. Nígbà tí mo rí i, bí ẹnu ìbọ̀wọ́ lásán ló rí, kò mu ìka mi mọ́.

Dókítà wọlé, Kranz ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó mu ìka ẹ?"

"Rárá," mo ní. "Kò mu ún rárá."

Bí ẹni tí wọ́n bi bóyá ó fẹ́ ṣúgà nínú kọfí. Bí ohùn mi ṣe rí nìyẹn. Dókítà wò mí. Ó fa òkú náà jáde, ó fọ apá, ó fọ̀ ọ́ pẹ́, ó wá sọ fún Kranz pé ó ti kú kí a tó dé. Kranz dé fìlà rẹ̀ padà, ó ní ìyá ṣáà yè. Ìyàwó rẹ̀ gbé kéèkì fún wa nínú ilé. Mo jẹ méjì. Méjì!

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo kọ ojú ìwé méjìdínlógún lórí irọ́ pípa fún kíláàsì ẹ̀kọ́ ìwà, bóyá ó ṣe é dárí jì tàbí kò ṣe é dárí jì. Máàkì A ni wọ́n fún mi. Olùkọ́ náà kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé èrò inú rẹ̀ ga. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ rin oṣù mẹ́fà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì le koko.

Ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ aárùn-ún yìí, kì í ṣe èmi ló pa irọ́ ti òní. Orúkọ Ostby ló wà nísàlẹ̀. Arúgbó tí kò ṣe mí níbi, tí kò mọ nǹkan kan, tí mò ń ki irọ́ bọ̀ lẹ́nu bí oògùn aràn. Nítorí pé kò mọ̀wé kọ…

Kò mọ̀wé kọ, kẹ̀? Lẹ́yìn tí ajá Màmá Halvorsen kú, ojú ìwé méjì ló fọwọ́ kọ ránṣẹ́ sí i. Màmá fi gíláàsì bò ó, ó gbé e kọ́ sára ògiri. Mo kà á lóòró níbẹ̀ nígbà tí màmá ń wá awò ojú rẹ̀, mo sì ní láti lọ dúró níta. Ẹni tó kọ ìyẹn kò nílò onífìlọ́sọ́fì. Àbí kò ráyè? Ọjọ́ Ajé yẹn kan náà, ó jókòó wákàtí kan nílé oúnjẹ, ó ń ṣàròyé nípa ọ̀dùnkún. Ó ráyè. Ó mọ̀wé kọ. Kò fẹ́ kọ èyí ni.

Kí ló dé tí kò fẹ́? Kò sí ohun tó lè mọ̀. Ọwọ́ tèmi nìkan ló wà nínú màlúù yẹn.

Tèmi nìkan…

Ó ti kọ́kọ́ ti ọwọ́ tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Dé èjìká. Ó dijú. Kí ló máa ń kọ́kọ́ ṣe? Kí ló kọ́ mi pé kí n kọ́kọ́ ṣe, kí n tó fọwọ́ kan okùn, kí n tó ronú irin? Ìka sí ẹnu ọmọ. Bó bá mu ún, èèyàn wà nílé, ọmọ ṣì wà láàyè. Ó ti ṣe é kó tó pè mí. Àti pé ta ló ń fi ìkúùkù lásán gbá ilẹ̀kùn tí yìnyín lẹ̀ pa nítorí òkú? Wọn kì í sáré fún òkú.

Ó mọ̀. Láti ìgbà tí mo la ẹnu ló ti mọ̀. Ó gba irọ́ lọ́wọ́ mi, ó fi ẹnu ara rẹ̀ gbé e fún Kranz, ó sì tún pè mí lọ́sẹ̀ kejì pé kí n wá, iṣẹ́ wà.

Gbogbo ilé tá a dé láti ìgbà yẹn náà… á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, á yọ ọ́, á ní kí n ti tèmi bọ̀ ọ́. Omi á máa kán ní ìgúnpá rẹ̀. Kì í wo màlúù, ojú mi ló máa ń wò.

"Ó mu ìka ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Dókítà."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Mo rò pé iṣẹ́ ló ń kọ́ mi. Ẹni tí ọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀, kí ló fẹ́ fi tèmi ṣe?

Aago méjì ku díẹ̀. Àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òótọ́ inú ṣófo síbẹ̀, ìlà kékeré ojú kọ̀ǹpútà náà ń ṣẹ́jú sí mi. Màlúù mọ́kànlá ló ti bímọ lójú mi láti oṣù kẹta, mọ́kọ̀ọ̀kànlá ló fi bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo, mo sì dá a lóhùn lórí gbogbo wọn. Ti ilé Kranz ló ń béèrè, ohun kan náà ló sì tún ń fi ìwé yìí béèrè.