Orúkọ Tí Ajá Bámgbóyè Ń Jẹ́

"Ìtùnú! Ìtùnú, wá jókòó síbí!"

Tinúadé na ẹja gbígbẹ sí ajá náà, ṣùgbọ́n ajá kò tilẹ̀ yíjú wò ó. Iwájú ọjà Ìlá ni wọ́n wà, ọ̀kadà ń han gooro, olóògùn ń pariwo nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, òórùn ẹran sísun gba gbogbo afẹ́fẹ́. Nílé, Ìtùnú a máa gbọ́ràn bí ọmọ. Lọ́jà, ó di adití.

"Ìyàwó, mo ti sọ tèmi," ni Oyèṣọlá, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, wí. "Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Kó tó pa ọlọ́kadà kan, bí kò bá gbọ́ lónìí, màá fà á lé ẹni tó ń ra ajá lọ́wọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Kẹ́misọ́lá," ni Tinúadé fi bẹ̀ ẹ́. "Òun nìkan ló ń bá mi dé oko kòkó. Bí ẹ bá mú un lọ, ó ku èmi àti ta ni?"



Bámgbóyè, ọkọ Tinúadé, ló sọ ajá náà ní Tanímọ̀la nígbà ayé rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣẹ̀sín pé kò tíì kọ́lé. Bí wọ́n bá ti ń kọjá, á lanu pe ajá rẹ̀, wọ́n á sì gbọ́ èsì wọn. Ọ̀la ọ̀hún dé, kò gbé ilé dání, ikú ló gbé wá. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni orúkọ náà ti korò lẹ́nu Tinúadé bí ewúro. Ó yí i sí Ìtùnú, ó ní kí ni ajá mọ̀ nínú orúkọ.

Àṣé ajá mọ̀. Òbúkọ kan sáré kọjá, Ìtùnú ki eré mọ́lẹ̀, ó lé e dé àárín títì. Ọ̀kadà kan ń bọ̀ kíkankíkan.

"Ìtùnú! Yéè, Ìtùnú!"

Kò gbọ́. Tinúadé kò mọ ìgbà tó figbe ta.

"Tanímọ̀la!"

Ajá náà dúró gbagidi, ó yí padà, ó sá wá. Díẹ̀ ló kù kí ọ̀kadà tẹ̀ ẹ́ nírù. Ó jókòó síwájú Tinúadé, àmọ́ kò wo ẹja, kò sì wo ojú rẹ̀. Ẹ̀yìn Tinúadé ló ń wò, ó ń wá ẹni tó máa ń pè é bẹ́ẹ̀.

Tinúadé kúnlẹ̀ nínú eruku, ó gbá a mọ́ra, ó sunkún ju bó ṣe sun ún lọ́jọ́ ìsìnkú lọ. "Kò sí lẹ́yìn mi o," ló ń wí. "Èmi nìkan ló kù tí yóò máa pè ọ́."

Oyèṣọlá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó nu ojú rẹ̀. "Máa mú un lọ sóko," ló wí.

Tinúadé dìde, ó gbé agbọ̀n rẹ̀ rù. Orúkọ náà ṣì korò, síbẹ̀ ó tún un pè. Tanímọ̀la bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n dorí kọ ọ̀nà oko.