Ìpè Tí Ẹnu-Ò-Sinmi Kò Jẹ́

Ẹnu-Ò-Sinmi ti kú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò tíì gbọ́ pé ó kú. Láràárọ̀, bí ìyá rẹ̀ bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tó wà níwájú ilé, tó ti kán òróró sí ẹ̀rọ, tó ti ká òwú sí bọ́bìnì, á gbé fóònù ti agolo bọ́tìnnì, á tẹ̀ ẹ́, ọmọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Á ní kí gbogbo ọ̀rẹ́ òun jókòó dáadáa, kí ẹni tó bá lójora tètè lọ sùn. Ìyá á tẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á ké, àwọn méjèèjì á jọ máa ṣiṣẹ́ lọ bí ìgbà tó wà láyé.

Iṣẹ́ ọmọ náà ṣòro láti ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ó máa ń gbá géèmù inú kọ̀ǹpútà, á sì máa sọ̀rọ̀ lé e lórí bó ṣe ń gbá a. Á bú ẹni tó ya àwòrán rẹ̀, á yin ẹni tó kọ orin rẹ̀, á tọ́ka sí ibi tí ọgbọ́n wà àti ibi tí wọ́n ti fẹ́ fi ènìyàn ṣe ọ̀bọ. Bó bá kú sínú géèmù, á fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Á ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní fídíò, á gbé e sórí ìkànnì rẹ̀, àwọn ènìyàn tó wà níbi tí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ kò lè dé láéláé á sì wá wò ó. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ìyá rẹ̀ sọ fún un pé ẹlòmíràn ló se ọbẹ̀, òun ló ń pariwo iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Màámi, ọbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bá sọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣé wọ́n jẹ ẹ́ ni àbí wọ́n dà á nù?"

Ibà ló mú un lọ. Ó ní orí ń fọ́ òun, ó dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́.

Fídíò kan wà tí ìyá kì í wò níṣojú oníbàárà. Òun ni ọmọ náà ṣe kẹ́yìn. Nínú géèmù náà, ọkùnrin kan mú àtùpà dání, ó ń rìn nínú ilé ńlá kan tí kò sẹ́nìkan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun kan ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ tó máa ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, Ẹnu-Ò-Sinmi sọ̀rọ̀ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó wá dákẹ́. Kò dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Àtùpà ń lọ láti yàrá dé yàrá, èémí rẹ̀ nìkan là ń gbọ́. Lójijì, láti ọ̀nà jíjìn, ohùn obìnrin kan wọlé: "Ọkọ mi, oúnjẹ ti ń tutù o."

Ohùn ìyá fúnra rẹ̀ ni. Láti ilé ìdáná ló ti pè é lọ́jọ́ náà.

Ọmọ kò dáhùn. Ṣùgbọ́n àtùpà dúró. Ó dúró sójú kan ní ẹnu ọ̀nà, iná rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, èèyàn á sì gbọ́ tí ọmọ náà mí kanlẹ̀ bí ẹni tí nǹkan kan bọ́ sọ́kàn rẹ̀. Ó pẹ́ kí àtùpà tó tún ṣí. Ibẹ̀ ni ìyá ti máa ń bá a pàdé. Á dá ẹ̀rọ dúró, á tẹ etí sí fóònù, á wà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ nínú ìdákẹ́ yẹn. Ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé ó gbọ́ mi, nítorí mi ni ẹsẹ̀ rẹ̀ fi dúró. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sin ín.

Lábẹ́ fídíò náà ni àwọn ènìyàn ti máa ń kí i. Ìyá kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé, ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló máa ń kà á fún un bó bá dé láti ibi iṣẹ́. Wọn kì í kí i bí òkú. Ẹnìkan á ní, Ẹnu-Ò-Sinmi, mo ti ríṣẹ́ o. Òmíràn á ní ìyàwó òun ti bímọ, òun ní kí òun wá sọ fún un kó tó gbọ́ lẹ́nu aráyé. Ìyá ní bí wọ́n bá ṣì ń kan ilẹ̀kùn ènìyàn, ilé rẹ̀ kò tíì di ahoro.

Àfi bí nọ́ọ̀sì ṣe wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò jókòó. Ó ní ilé-iṣẹ́ tó ṣe géèmù alátùpà yẹn ti fẹjọ́ sùn lórí ìkànnì pé Ẹnu-Ò-Sinmi fi iṣẹ́ àwọn ṣe tirẹ̀. Àwọn onígéèmù míì ti fẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kàn án lẹ́ẹ̀mejì nígbà ayé rẹ̀, kò dá wọn lóhùn, ó fi ṣẹ̀rín rín. Òfin ìkànnì sì ni pé bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n á ti gbogbo rẹ̀ pa: gbogbo fídíò, gbogbo ìkíni, tigbòǹgbò-tigbòǹgbò.

Wọ́n ránṣẹ́ sí agbẹjọ́rò kan tó jẹ́ ìbátan bàbá wọn. Onísùúrù ènìyàn ni. Ó jókòó sórí àga tí wọ́n fi ń dán aṣọ wò, ó ṣàlàyé pé òfin fàyè gba ènìyàn láti mú díẹ̀ nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn tó bá jẹ́ pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀ lé e ni, bóyá ó fẹ́ tún un yẹ̀ wò, tàbí kó fi kọ́ni, tàbí kó fi ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá kàn gbé iṣẹ́ onínǹkan síta láìfi tirẹ̀ kún un, olè ni wọ́n á pè é. Ó ní àwọn fídíò yòókù kò já òun láyà, nítorí ọ̀rọ̀ kún inú wọn bámú. Èyí tí wọ́n mú yìí gan-an ló burú.

Ó ní, "Ìyàwó wa, kò sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ pé ó fi kún un?"

Ìyá ní, "Ó dúró."

Agbẹjọ́rò wolẹ̀. Ó ní kò sí ilé ẹjọ́ tó ń wọn ìdúró.

Ọ̀rẹ́ ọmọ náà wà níjókòó, ẹni tó máa ń bá a gé fídíò rẹ̀. Sísọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é. Ìyá máa ń fi bá a ṣàwàdà pé èmi tí mo ni sísọ́ọ̀sì kò jẹ́ ẹ, ìwọ lo wá ń jẹ́ ẹ. Sísọ́ọ̀sì kọ́kọ́ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kó gbogbo fídíò sínú àpótí kékeré kan tó dà bí ìṣáná, bí wọ́n bá ti ìkànnì pa, ìyá á ṣì máa rí wọn wò. Ìyá bi í pé ta ni yóò wá kí i nínú ìṣáná. Sísọ́ọ̀sì fọwọ́ pa ojú, ó ní kí wọ́n fi lé òun lọ́wọ́, ìkànnì ṣì gbà kí ènìyàn tún fídíò tó wà lẹ́jọ́ ṣe.

Ohun tó ṣe, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn sọ fún agbẹjọ́rò pé òun ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Agbẹjọ́rò kọ̀wé, ilé-iṣẹ́ géèmù wò ó, wọ́n ní lóòótọ́, ọ̀rọ̀ ọmọ yìí pọ̀ lórí rẹ̀, àwọn ti fa ọwọ́ sẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì jó wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ìyá kúnlẹ̀ láàárín àkísà àti ègé aṣọ, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Nígbà tó ku òun nìkan, ó ti ilẹ̀kùn, ó tẹ fídíò náà.

Àtùpà ń lọ. Ọmọ ń sọ̀rọ̀. Ó ní ẹni tó ya ògiri yìí mọṣẹ́, ó ní kí wọ́n wo bí òjìji ṣe ṣáájú ẹni tó ni ín. Ìyá kò mọ ọ̀rọ̀ yìí níbẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ní bóyá òun ló ti gbàgbé. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ara rẹ̀: "Ọkọ mi, oúnjẹ ti ń tutù o."

"Mò ń bọ̀," ni ọmọ rẹ̀ wí.

Ẹsẹ̀ ìyá yọ kúrò lára ẹ̀rọ. Ó tún un tẹ̀. Ó pè é, ó dáhùn. Ó tún un tẹ̀, ó pè é, ó dáhùn. Ohùn náà rẹlẹ̀, ẹ̀rín kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí kò dé ojú. Ó sì mọ̀ ọ́n. Nínú fídíò míì lórí géèmù kan náà, bí ohun tó wà ní yàrá ìsàlẹ̀ bá ń ké, ọmọ náà á rẹ ohùn sílẹ̀ láti fi ṣe fọ́nńté sí i: mò ń bọ̀. Ìdáhùn tó fún abàmì ni wọ́n bù wá fún ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó pe Sísọ́ọ̀sì, ó ní kó dá fídíò náà padà sí bó ṣe wà. Sísọ́ọ̀sì sunkún. Ó ní àánú ìyá ló ṣe òun, pé nígbà tí òun ń fi ọ̀rọ̀ lẹ ibi tó dákẹ́, òun rí i pé ìyá pè é, kò dáhùn, ó dun òun, òun wá ní kó dáhùn.

Nọ́ọ̀sì ní, "Màámi, ta ló pa lára? Gbogbo ohùn yẹn, ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ wo ìkíni abẹ́ rẹ̀, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ pé ó dá yín lóhùn, wọ́n ń sunkún. Ẹ fẹ́ torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti ilé mọ́ gbogbo wọn?"

"Èmi náà fẹ́ kó dáhùn," ni ìyá wí. "Ìwọ ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ẹ tó. Ṣùgbọ́n ibi tó ti dúró dè mí, wọ́n ti fi nǹkan dí i. Mo bá pè é, nǹkan míì ló ń jẹ́. Ẹ bá mi lé e jáde, òun àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn."

Agbẹjọ́rò náà bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè, kí wọ́n má fọwọ́ ara wọn jí ejò tó sùn. Ìyá ní ọmọ òun ń bi òun, gbogbo ìgbà tí òun bá tẹ̀ ẹ́ ló ń bi òun.

Sísọ́ọ̀sì dá a padà. Kò pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ géèmù fi rí i pé ọ̀rọ̀ ti pòórá kúrò níbẹ̀, wọ́n sì tún gbé ẹjọ́ wọn dìde. Ìyá ráàyè wò ó lórí ìkànnì díẹ̀ sí i: ó pè é, àtùpà dúró, ọmọ mí kanlẹ̀. Títí di òwúrọ̀ tó tẹ̀ ẹ́ tí ojú fóònù dúdú, tó fi rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó ní wọ́n ti ti gbogbo rẹ̀ pa, ó sì lọ síbi iṣẹ́.

Ọdún ń lọ sópin, iṣẹ́ ìránṣọ pọ̀. Ọmọge kan wá wọn aṣọ ìgbéyàwó. Ara ìlú kejì ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò, kò mọ ẹnikẹ́ni. Ó fọwọ́ kan di fóònù mú, kò fẹ́ gbé e sílẹ̀, ìyá sì ń fi téèpù yí i ká, ó ń pe èjìká, ó ń pe àyà, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sórí tábìlì.

"Ọkọ mi, oúnjẹ ti ń tutù o," ni fóònù wí.

"Mò ń bọ̀."

Ọwọ́ ìyá dúró lórí ìbàdí ọmọge náà. Ó bi í, jẹ́jẹ́, pé níbo ló ti rí ìyẹn. Ọmọge ní, haa, gbogbo ayé ló ń pín in kiri báyìí, wọn ò tiẹ̀ mọ ẹni tó ni ín mọ́. Àwọn kan fi ṣe ìró ìpè fóònù wọn. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan máa ń fi pe ọkọ rẹ̀ wálé.

Ó tún un tẹ̀ kí ìyá lè gbọ́ dáadáa. Ó ní, "Ẹ gbọ́ bó ṣe dáhùn. Irú ọmọ báyìí, wẹ́rẹ́ ni, ìyá rẹ̀ ò ní pè é lẹ́ẹ̀mejì. Tí mo bá bímọ, bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́."

Ìyá tú téèpù, ó tún fi yí ìbàdí rẹ̀ ká, nítorí ó ti gbàgbé iye tó kà.

Ó ní, "Gbé apá sókè, ọmọ mi. Má mí."