Ọkọ̀ Ogun Amẹ́ríkà Nínú Kùrukùru

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Karùn-ún ọdún 1982 ni àwọn ará Amẹ́ríkà dé sí erékùṣù wa. Ìbọn kankan ò dún. Thirza, àbúrò mi obìnrin tí mò ń bá gbé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ló kọ́kọ́ rí wọn. Ó jáde lọ wo àgùntàn, ó sì padà wọlé jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń rìn lójú oorun.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wò ó. Ìlú kan ti hù sórí omi."

Ọkọ̀ ogun náà ga ju òkè ẹ̀yìn ilé wa lọ. Kùrukùru bo ìdí rẹ̀, ó wá dà bí ohun tó so rọ̀ sí òfuurufú.

Ó ti lé lóṣù kan tí àwọn sójà Ajẹntínà ti gba Fókílándì, erékùṣù wa, mọ́ wa lọ́wọ́. Mẹ́sàn-án nínú wọn ń sùn nínú ilé tí a ti ń rẹ́ irun àgùntàn. Ọ̀gá wọn ni Sájẹ́ǹtì Evaristo, onírùngbọ̀n kan tó gbọ́ èdè wa díẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso wa la ń retí pé kí wọ́n wá gbà wá. Àfi bí rédíò ṣe sọ pé Amẹ́ríkà ti bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá sí ìjà náà, pé ogun ti parí.

Lọ́sàn-án, Evaristo kanlẹ̀kùn, Thirza sì ṣí i fún un. Aṣọ ìrọ̀rí funfun wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, mo fẹ́ túúbá, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá dá lọ, wọ́n á yìnbọn fún mi."

"O wá fẹ́ fi mí ṣe asà?" Thirza bi í. " Ìwọ tó o pa àgbò mi jẹ!"

"Ebi ló pa wá, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́."

"Àgbò yẹn ti darúgbó. Eyín ò dùn yín ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, omi sì lé sí i lójú. Thirza wá bàtà òjò rẹ̀, ó wọ̀ ọ́.

Èmi ni mo tu ọkọ̀ ojú omi wa kékeré tó gbé àwa mẹ́ta lọ. Omi pa rọ́rọ́ bíi wàrà inú abọ́. Nínú kùrukùru yẹn, mi ò mọ̀ bóyá àwa là ń lọ tàbí ọkọ̀ ńlá náà ló ń bọ̀. Ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà kan bẹ̀rẹ̀ wò wá láti òkè.

"Èwo nínú yín ni ẹlẹ́wọ̀n?"

"Kò sí ẹlẹ́wọ̀n níbí," Thirza dá a lóhùn. "Àlejò mi nìyí, ilé ló fẹ́ lọ. Mẹ́jọ kù ní èbúté, ẹ má dẹ́rù bà wọ́n o!"

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n kó àwọn sójà Ajẹntínà náà lọ sílé. Evaristo di ọwọ́ àbúrò mi mú títí wọ́n fi pè é.

Nígbà tó yá, ọ̀gá Amẹ́ríkà náà wá tọrọ òkè wa láti ri òpó rédíò gíga kan sí.

"Fún ìgbà díẹ̀ ni, Mà."

"Ohun tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ náà sọ nìyẹn," Thirza dáhùn. "Rárá."

Wọ́n lọ kọ́ ọ sí òdìkejì omi. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Ó pé ọdún mẹ́wàá báyìí, Amẹ́ríkà ṣì wà níbẹ̀, iná wọn ń tàn ní gbogbo òru. Thirza ò kórìíra wọn.

"Wọ́n gbà wá là," ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan, "ṣùgbọ́n iná wọn ò jẹ́ kí n rí ìràwọ̀ mọ́."

Ó wá gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ sí yàrá tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, níbi tí òkùnkùn ṣì wà.