Máṣíìnì Tí Kò Dúró sí Síló

Bí Sànúsí bá tẹ́ táìlì, ẹ da omi sí i, omi náà ò ní mọ ibi tí yóò ṣàn gbà. Ọwọ́ rẹ̀ tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni kò tẹ́jú. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sùn mọ́jú nínú ẹlòmíràn, tirẹ̀ ti jáde síta kó tó bọ́jú.

Ẹnu yẹn náà ló gbé e dé ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Addo lọ́sàn-án Jímọ̀. Ó ti sọ lójú ìyá rẹ̀ àti lójú Azeezat àbúrò rẹ̀ pé Taofeek jí nǹkan inú kàbúrétọ̀ máṣíìnì, alùpùpù tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Taofeek yìí, mẹkáníìkì ni, òun náà sì ni ọkọ tí Azeezat fẹ́ fẹ́. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ so yìgì. Nítorí pé bàbá ti kú, Sànúsí ló yẹ kó jókòó níwájú àáfà kó fa Azeezat lé ọkọ lọ́wọ́, kí gbogbo ayé rí i pé ilé àwọn ò ṣófo. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń retí ìjókòó yẹn. Ó ti lọ agbádá, ó ti gbé e kọ́.

"Mi ò ní fa àbúrò mi lé olè lọ́wọ́," ohun tó wí nìyẹn. Ẹyin lohùn. Azeezat sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ kò le. Kí òjò tó dé ni Taofeek tú kàbúrétọ̀ náà, ó fọ̀ ọ́, ó dà á padà, máṣíìnì sì ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Òjò dé, wàhálà dé. Bí Sànúsí bá fẹsẹ̀ ta á láàárọ̀, yóò dúró sí síló lójú kan dáadáa, yóò máa hó kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n kó tó gba inú àdúgbò dé ibi tó ti ń tẹ́ táìlì ní Bádòrẹ̀, bó bá ti dẹwọ́ kí eré dín báyìí, yóò gbọ̀n, yóò sì kú. Ó fi ara gba èébú àwọn onímọ́tò sú. Mẹkáníìkì kan ní Bádòrẹ̀ wo kàbúrétọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, ó pòṣé: "Wọ́n ti pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì tó ń fún un lépo o. Èyí kọ́ ló bá a wá láti ilé." Sànúsí ò bi í ní ìbéèrè kejì.

Òfin ọgbà Addo yé gbogbo wọn: ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn pé ó yọ nǹkan lára ọkọ̀ oníbàárà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ náà mọ́. Alága ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ọ̀rọ̀ ò bá lójú, onítọ̀hún á fi ẹnu kan irin, á búra. Mùsùlùmí wà níbẹ̀, Kristẹni wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń fi irin ṣeré nínú wọn.

Taofeek dúró lẹ́bàá ògiri, ó káwọ́ sẹ́yìn. Kò bú ẹnikẹ́ni. Èyí gan-an ló túbọ̀ ń bí Sànúsí nínú.

Ọ̀gá Abíọ́nà, alága wọn, bẹ̀rẹ̀ mọ́ máṣíìnì náà. Ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó wò ó, ó dá a padà. Ó tẹ rọ́bà ẹnu kàbúrétọ̀ yíká bóyá ó ya; kò ya. Ó ta á, ó yí súkúrù síló díẹ̀ sọ́tùn-ún, ó yí i díẹ̀ sósì, ó ń tẹ́tí bí ẹni tó ń gbọ́ àyà aláìsàn. Máṣíìnì hó kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ṣebí ó dúró nìyí?" ẹnìkan wí.

"Ẹ gùn ún jáde, Ọ̀gá," ni Sànúsí fèsì. "Ẹ gùn ún dáadáa."

Ọ̀gá Abíọ́nà gùn ún lọ, ó pẹ́ kó tó padà. Bó ṣe ń dẹwọ́ láti yà wọ ẹnu ọ̀nà ọgbà, máṣíìnì gbọ̀n, ó wúkọ́, ó kú. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Taofeek. Inú Sànúsí dùn; ìdùnnú burúkú ni, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì lè lé e lọ.

"Ó dà bíi pé ebi epo ló ń pa á," ni Ọ̀gá Abíọ́nà wí. "Sànúsí, ṣí táǹkì ká wò ó."

Jẹnẹrétọ̀ àwọn wẹ́dà tó ń jó irin ń ké nítòsí. Sànúsí dì mọ́ ìdérí táǹkì, ó yí i. Ìdérí náà lọ́ra láti jáde, àfi bíi pé ẹnìkan ń fà á láti inú. Lẹ́yìn náà, táǹkì mí: *fììì.* Ọ̀rá tó wà lẹ́nu táǹkì ti kó wọnú bí ìdodo.

Òun fúnra rẹ̀ ló gé ọ̀rá yẹn lára àpò símẹ́ńtì táìlì lọ́jọ́ tí òjò kọ́kọ́ rọ̀, ó fi dí ẹnu táǹkì, ó sì dé ìdérí lé e, kí omi má bàa wọnú epo. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ló ń ṣe é. Ó máa ń ká a kúrò ní ilé epo, á tún dá a padà, ta ní í wo ojú ọ̀rá níbẹ̀? Ṣùgbọ́n ìdérí náà ní ihò tín-ínrín kan tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ọ̀rá sì ti dí i pa, epo ò lè sọ̀ kalẹ̀ dáadáa mọ́. Agolo mílíìkì tí a lu ní ihò kan ṣoṣo, ṣé ó máa ń dà? Kò sí olè kankan.

Ó rún ọ̀rá náà sínú àtẹ́lẹwọ́, ó di ẹ̀ṣẹ́ mọ́ ọn.

"Epo wà nínú rẹ̀?" ni Ọ̀gá Abíọ́nà bèèrè.

"Ó... ó wà dáadáa, sà."

"A jẹ́ pé inú kàbúrétọ̀ ni. Ìbúra ló kù." Bàbá náà wò ó lójú. "Sànúsí, ṣé o ṣì fẹ́ kó búra? Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́ o."

Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu Sànúsí, ẹnu tí kì í pa á mọ́. Ó rántí ohun tó ti sọ lójú ìyá rẹ̀. Ó rántí bí wọn yóò ṣe fi í ṣẹ̀sín láti Addo dé Bádòrẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé irin kì í pa aláìṣẹ̀. Kó búra, kó mọ́, kí gbogbo wa lọ sílé.

"Kó búra," ló wí.

Taofeek mú sípánà kan. Kó tó gbé e sẹ́nu, ó kọ́kọ́ wo Sànúsí. Ó wò ó pẹ́, bí ẹni tó bèèrè nǹkan tó sì ń dúró de èsì. Sànúsí wolẹ̀.

"Bí mo bá pààrọ̀ ohunkóhun nínú kàbúrétọ̀ yìí, kí irin tí mo fi ń jẹun pa mí jẹ." Ó fi ẹnu kan án.

Ọ̀gá Abíọ́nà ta máṣíìnì, ó tún gùn ún jáde, ó padà, ó dẹwọ́. Kò gbọ̀n. Ó dúró sí síló, ó ń hó. Ọgbà pariwo pé irin ti dá Taofeek láre! Sànúsí fò mọ́ ọn, ó ń rẹ́rìn-ín kíkankíkan.

"Ó ti parí, àna mi. Má bínú. Ọ̀la dọ̀la!"

Taofeek rọra bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ ṣíwọ́ yín, Ẹ̀gbọ́n."

Sànúsí ò ṣí i.

"Mo gbọ́ nígbà tí táǹkì mí," ni Taofeek wí, kò pariwo. "Iṣẹ́ mi ni."

"O gbọ́? Kí ló wá dé tí o fi búra?"

"Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè kí ẹ sọ ọ́."

Sànúsí túbọ̀ di ẹ̀ṣẹ́ mọ́ ọ̀rá náà.

"Azeezat ni mo fẹ́, màá sì fẹ́ ẹ lọ́la," ni Taofeek wí. "Ṣùgbọ́n mi ò ní gbà á lọ́wọ́ yín. Mò ń lọ bẹ àbúrò bàbá yín kí wọ́n wá jókòó níwájú àáfà. Ẹ̀yin, ẹ jókòó láàárín èrò."

Ó dá sípánà padà sínú àpótí, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì jáde. Máṣíìnì bàbá wọn ṣì ń hó kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lórí síló. Sànúsí dúró tì í, ọ̀rá wà nínú ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀, ó ń bẹ Ọlọ́run kí máṣíìnì náà kú, kó lè jẹ́ pé ọ̀rá yìí kọ́ ló fà á.